Fódà Tí Kíákíá Nìkan Lè Ṣí

"Kí tíì yín tó tutù, Àǹtí mi, màá ti parí ẹ̀," ni Kíákíá onímọ̀ kọ̀ǹpútà wí, ó sì ká apá ẹ̀wù sókè bí ẹni tó fẹ́ ja ìjàkadì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn tí Kíákíá ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló bẹ Dókítà Àgbà kó fi oṣù kan dán àbúrò òun wò. Oṣù pé lónìí. Àárọ̀ yìí gan-an ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó èsì àyẹ̀wò láti inú fódà, tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde lókè ní ọ́fíìsì Dókítà Àgbà, daṣẹ́ sílẹ̀. Ètò náà ní òun ò rí fódà kankan. Dókítà Àgbà sì ti ní bí ọ̀sán bá bá a bẹ́ẹ̀, kí Kíákíá gbé báàgì rẹ̀, ó di ilé.

Kíákíá tẹ Z, lẹ́tà tó fi ṣe ọ̀nà àbùjá sí fódà náà. Fódà ṣí gbayawu. Ó ní irọ́ ni ètò náà ń pa. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án. Ó wá ń ju fáìlì ìdánwò sínú fódà. Kó lè pa àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́rìn-ín, ohun kan náà ló kọ sínú gbogbo wọn: "Dókítà Àgbà, ẹ jí, ilẹ̀ ti mọ́." Fáìlì mẹ́rìndínlógún ló jù síbẹ̀. Ètò ò mú ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló ń ṣí fódà yẹn?"

"Èmi ni."

"Ètò yẹn ńkọ́? Orúkọ ta ló fi ń wọlé?"

Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Kíákíá. Ètò náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tàn báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìlo orúkọ ẹnikẹ́ni. Z tí Kíákíá ń ṣí láàárọ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló so ó mọ́ lánàá, òun nìkan ló sì ń ṣí fún. Ó dá orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ètò, ó fún un láṣẹ lórí fódà, ó yọ Z, ó kọ àdírẹ́sì fódà ní kíkún sípò rẹ̀, ó tún tan ètò náà.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè. Kíákíá jó yí àga ká. Ó jó dé ìdajì kó tó rántí pé gbogbo ohun tí ètò bá bá nínú fódà ló ń tẹ̀.

Dókítà Àgbà sọ̀ kalẹ̀, bébà lọ́wọ́, àmì apá àga lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ìkẹta ló jí mi," ló wí. "Mẹ́tàlá yòókù ò pọn dandan. Máa bọ̀ lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Ó ti tutù."