Máàkì Darcy Kò Já

“Irọ́ ni máàkì yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù yìí ló ń mọ̀ọ́mọ̀ kùnà ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Philippa Strand kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi Darcy jókòó láàárín wa, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ní kó bá òun dì í mú.

“Máàkì rẹ̀ lónìí kò yàtọ̀ sí ti ìgbà tí ara rẹ̀ le, Noelene. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ nìkan ni mo lè gbà sílé ìtọ́jú wa.”

“Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nínú ilé tí wọ́n bí i sí?”

Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Ní ìlú Barrimal níbí, ta ni kò mọ̀? Kí sáà rọ́gíbì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbé kọ̀ǹpútà wá sílé ẹgbẹ́ wa fún ìdánwò ọpọlọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dá sílẹ̀. Àwọ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà, agbábọ́ọ̀lù á tẹ bọ́tìnì; wọ́n á ka ọ̀rọ̀, á kà á padà. Bí orí bá wá kọlu orí lórí pápá, wọ́n á tún ìdánwò yẹn ṣe. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá já, kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ta ló wá fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Wọ́n á mu bíà mọ́jú, wọ́n á fi ojú oorun lọ ṣe ti àkọ́kọ́, kí máàkì kékeré tí wọ́n bá gbà má baà rí ibi já sí mọ́. Ẹni tó bá gba òdo jù ni wọ́n á ra ọtí fún. Darcy ni ọba wọn.

Nígbà tí wọ́n fi èjìká gbá a lórí, máàkì rẹ̀ kò já. Wọ́n dá a padà sórí pápá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá orí yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti ìlú yìí, òtítọ́ bá a, wọ́n sì jọ jókòó mutí ni.

Mo lọ bá Kóòṣì Gaffney pé kó wá jẹ́rìí.

“Noelene, bí mo bá la ẹnu, gbogbo ọmọ yìí ni wọ́n máa yọ, àṣekágbá sì ti dé tán. Ṣé Darcy á fẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Darcy wo? Èyí tó wà nílé mi ò mọ orúkọ ẹ.”

Ẹ̀rù àbúrò mi ti ń bà mí. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á dúró sójú fèrèsé, á bi mí pé níbo ni Noelene lọ. Mo máa ń ní ó ń bọ̀.

Mo padà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Tí mo bá kọ ọ́ síta, iṣẹ́ ayé mi wó nìyẹn. Wọ́n á ti ilé ìtọ́jú náà pa. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ńkọ́?”

“Kí wọ́n ṣáà fún Darcy ní bẹ́ẹ̀dì kan.”

Ó ní kí n má bínú.

Nígbà tí wọ́n fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àmì-ẹ̀yẹ ńlá ní Brisbane nítorí ìdánwò yẹn, ẹgbẹ́ wa se àsè fún un. Gaffney gbé ẹ̀wù ẹgbẹ́ lé Darcy lọ́wọ́ kó fi ta obìnrin náà lọ́rẹ.

“Ẹ wo Darcy wa! Ara ẹ̀ ti dá ṣáká. Iṣẹ́ ọwọ́ màmá yìí ni.”

Darcy wo ẹ̀wù náà títí. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó wọ ẹ̀wù náà, ó yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Kóòṣì, ṣé wọ́n ti pè mí sórí pápá?”

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. “Aláwàdà! Kò lè yí padà láé!”

Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí pèpéle. Mo ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Ó wá fọwọ́ kan èjìká Darcy jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe sí àwọn tó ń tọ́jú.

“Lọ jókòó ná, Darcy,” ó ní. “Wọ́n máa pè ọ́.”

Darcy lọ jókòó. Nígbà tí wọ́n ń kó àga nílẹ̀, ó ṣì ń retí kí wọ́n pe òun.