Ẹni Tí Lin Bù Kù

"Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa," ni Lin wí, ó ń mi orí. "Ẹ ṣáà fi panu."

Ìbídùnní dúró ti ìkòkò, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Wàrà sóyà tí òun ń sè láti àárọ̀ ni obìnrin ará Ṣáínà yìí ń bù kù lójú Ọ̀gbẹ́ni Adélaní, tó wá láti Oǹdó wá wá ẹni tí yóò máa ṣe wàrà nílé oúnjẹ rẹ̀. Oǹdó sì ni ìyá Ìbídùnní ń dá gbé, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Iṣẹ́ yìí ni ì bá gbé e padà sílé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò béèrè nípa Reuben, ará Ìjarè tí wọ́n ń pè wá bá wọn lọ sóyà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni Lin ń gbé e gẹ̀gẹ̀: ó jáfáfá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí irú rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Reuben tó jẹ́ kí odindi ìkòkò wàrà kan jóná lọ́jọ́ Mọ́ńdè!

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Gbogbo bí òun àti Lin ti jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé Lin lọ́nà Ọ̀dà, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn níṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, àṣé Lin kàn ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ni, kó tó ti òun dànù. Ìbídùnní ká aṣọ asẹ́ rẹ̀ kúrò lórí okùn, ó fi í sínú àpò. Òun kò ní padà wá mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adélaní ti ń wo fọ́tò kan lára ògiri, ti ọmọbìnrin kan tó gbé ife ẹ̀yẹ dání. Ó ní ọmọ náà ní làákàyè.

"Olódo ni," ni Lin dáhùn. "Ọ̀lẹ ni pẹ̀lú."

Ìbídùnní yíjú padà. Fọ́tò tí Lin ń nù láràárọ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́! Ọmọ tí ìyá Lin ń bá a tọ́ ní Ṣáínà, tó jẹ́ pé bí Lin bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tán, ẹkún ni.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i ni, Màdáámù?" ni àlejò béèrè.

"Èmi ni mo bí i. Lọ́dọ̀ wa, a kì í yin ara ilé ẹni lójú àlejò. Ará ìta là ń yìn."

Ojú ti Ìbídùnní débi pé kò lè gbórí sókè. Ọ̀gbẹ́ni Adélaní wo Reuben nídìí ẹ̀rọ tó fi ń lọ sóyà, ó wo Ìbídùnní, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yìí lòun ń mú lọ sí Oǹdó.

Ìbídùnní mú aṣọ asẹ́ jáde nínú àpò, ó fi í lé Lin lọ́wọ́ pé kó máa lò ó. Àlejò tún mú wàrà kan jẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìbídùnní ẹni tó kọ́ ọ láti máa po ata mọ́ ọn báyìí.

"Lin ni, sà," ni Ìbídùnní wí. "Ẹ má dá a lóhùn. Òun náà ò mọ nǹkan kan."

Lin wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ asẹ́ náà bojú.