Ọ̀rá Ẹnu Táńkì

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá Babalọlá bẹ ọmọ rẹ̀: tí òun bá kú, kó má sin òun sí Jikwoyi l'Ábùjá níbi tí wọ́n ń gbé, kó gbé òun lọ sí Ìlọrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun. Babalọlá ṣèlérí. Àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2003 ni ìyá kú. Wọ́n wẹ òkú rẹ̀ tán, Babalọlá lọ ṣáná sí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ dáhùn, ó sì kú. Ó tún dáhùn, ó tún kú.

Hafeez, àbúrò rẹ̀, ti wá ọkọ̀ mìíràn. "Bọ̀ọ̀dá, bọ́ọ̀sì kan wà níta. Ẹ jẹ́ ká fi gbé wọn lọ."

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe láti ọdún mẹ́tàdínlógún! Á dáhùn."

Agídí ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mẹkáníìkì kan ò fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn rí, ohun tó sì fi ń yangàn nìyẹn. Bọ́ọ̀sì kó èrò Lọ́kọ́ja, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́mọ́mù ní bó bá di àsìkò ìrun àìlà, wọn ò ní dá òkú dúró mọ́.

Babalọlá tú púlọ́ọ̀gì, ó ha á. Ó tú kábúrétọ̀, ó fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀ títí ètè fi ń ta á. Bó bá ti tò ó padà, ọkọ̀ á dáhùn, inú rẹ̀ á dùn, ọkọ̀ á tún kú. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

Jikwoyi ni wọ́n sin ìyá sí.

Nígbà tó délé, ó ní òun á fa bẹntiróòlù inú ọkọ̀ náà jáde, torí ó ti kórìíra rẹ̀. Ìdérí táńkì ti sọnù tipẹ́, ọ̀rá ló fi ń dí i lẹ́nu. Lánàá, nígbà tó ń gbé ìyá bọ̀ láti ọsibítù, ìyá ní òórùn bẹntiróòlù fẹ́ mú òun bì. Ló bá fi ọ̀rá mẹ́ta kún un, ó fi rọ́bà so ó pinpin. Bó ṣe tú rọ́bà náà báyìí, táńkì fa atẹ́gùn sínú: fúùù.

Bẹntiróòlù tí kò rí atẹ́gùn, báwo ló ṣe máa ṣàn? Ó ṣáná. Ọkọ̀ dáhùn, kò sì kú mọ́.

Gàníyátù, ìyàwó rẹ̀, sáré jáde. "Ó ti dáhùn? Kí ló ṣe é?"

"Ọ̀rá tí mo so nítorí ìyá mi ni."

Kò pa ọkọ̀ náà. Ó jókòó sínú rẹ̀ títí bẹntiróòlù fi tán.