Fọ́tò Tí Fóònù Kò Lè Gbà

Láràárọ̀, kí oòrùn tó gun orí òrùlé ọjà Adjamé, Alààjì Àrìmíyàù á ti fi àdúrà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń bẹ nínú fóònù rẹ̀. Àdúrà náà kì í dá wá. Òdòdó pupa máa ń bá a wá, tàbí ẹyẹlé méjì, tàbí àwòrán Alààjì fúnra rẹ̀ nínú agbádá funfun, tó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń gbèrò ọjọ́ ọ̀la ayé. Òfin rẹ̀ kò le: kí ẹni tó bá rí i ṣí i, kó sì dáhùn pé àmín. Ẹni tí kò bá dáhùn, Alààjì á pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ṣé o gbọ́ pé mo ti kú ni?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà ni àwọn ará Ìgbòho tó wà ní Abidjan, láti Treichville títí dé Abobo, ṣe mọ àmín í sọ ju orúkọ ọmọ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ ka nǹkan tí wọ́n ń ṣàmín sí mọ́. Wọ́n á kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á padà sídìí ọjà wọn. Alààjì kò mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé ayé ń ṣàmín sóun, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín ìdì aṣọ bazin nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Mamadou ni, ará Jùlá tí wọ́n jọ ń ra ọjà láti Bamako. Fáìlì kan ló fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ Faransé sì wà lábẹ́ rẹ̀: *C'est toi sur la photo? Ouvre sur ordinateur.* Ṣé ìwọ lo wà nínú fọ́tò yìí? Kọ̀ǹpútà ni kó o fi ṣí i.

Ọkàn Alààjì fò sókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ṣí mọ́sáláṣí tuntun kan ní Siporex, ó ti fi ìgúnpá la ọ̀nà dé ẹ̀yìn aṣojú ìjọba kan nígbà tí àwọn oníkámẹ́rà ń yàwòrán. Orí rẹ̀ nìkan ló dá a lójú pé ó hàn. Àṣé odindi ara ló hàn! Fọ́tò tí fóònù kò lè gbà, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ló lè gbé e, a jẹ́ pé fọ́tò náà tóbi. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ tóbi.

"Ràmúlátù," ó pe ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ, "sún mọ́bí. Wá wo ọkọ rẹ."

"Láti ìgbà tí mo ti délé yín ni mo ti ń wò yín," ni Ràmúlátù fèsì. Kò dìde.

Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Zaynab ọmọ wọn ló so Wásáàpù bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, kí lẹ́tà lè tóbi lójú rẹ̀. Alààjì wá awò ojú rẹ̀ rí, ó wọ̀ ọ́, ó tẹ fáìlì náà. Kọ̀ǹpútà bi í ní nǹkan kan ní Faransé. Ó dáhùn pé *oui*, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí *oui* ló máa ń dáhùn. Àpótí dúdú kékeré kan là lójú kọ̀ǹpútà, ó sì pa dé. Kò sí fọ́tò. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó là, ó pa dé, bí ojú ológbò.

"*Réseau* íńtánẹ́ẹ̀tì ò dáa lónìí," ló wí, ó sì fẹ́ dìde.

Nígbà náà ni fóònù Ràmúlátù dún.

"Alààjì, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi. Èmi tí mo wà níwájú yín níbí?"

"Èmi? N ò kọ nǹkan kan."

Ràmúlátù gbé fóònù náà sí i lójú. Orúkọ Alààjì ló wà níbẹ̀, agbádá funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, fáìlì wà lábẹ́ rẹ̀: *C'est toi sur la photo?*

Alààjì yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, kò fi kan nǹkan kan. Síbẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń yí. Orúkọ àwọn ènìyàn ń fò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: lémọ́ọ̀mù, àbúrò rẹ̀ ní Ìgbòho, oníbàárà rẹ̀ ní Boribana, àna rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni fáìlì yẹn ń bọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnì kan ń forúkọ rẹ̀ kọ̀wé, ẹni náà kò sì sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Òtútù mú un lẹ́yìn ọrùn, nínú ooru Adjamé.

"Lá ìláhà," ó wí jẹ́jẹ́. "Ràmúlátù, ta ló ń kọ ọ́?"

Ràmúlátù ti dé ẹnu ọ̀nà. "Olújídé! Olújídé, gbà wá o!"

Olújídé ń ta kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwọn. Ó lọ sí yunifásítì, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó wọlé, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe kó tó wo ohun tí wọ́n ní kó wò.

"*Ah non*. Vieux père, bàbá mi, aràn kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fáírọ́ọ̀sì lásán máa ń dúró de ẹni tó máa gbé e kiri. Aràn ò dúró de ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi ń rìn. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ó bá Wásáàpù yín ní ṣíṣí, ó di ẹ̀yin. Ó ń forúkọ yín kan ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tó mọ̀ yín. Ẹni tó bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó di ẹni yẹn náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá jókòó sínú ilé, á máa jí ọ̀rọ̀ ìwọlé, á máa ba fáìlì jẹ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n wa kan..."

"Olújídé!" Ràmúlátù lọgun. "Ó ṣì ń kọ ọ́!"

"Ah. *Oui*." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ. Àwọn orúkọ dẹ́kun fífò. Ó gba fóònù Alààjì, ó já Wásáàpù rẹ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ó ti dúró. Àmọ́ èyí tó lọ ti lọ. Ẹ kìlọ̀ fún wọn."

Alààjì kọ ọ́ sí gbogbo wọn: *Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí fáìlì tó ti ọ̀dọ̀ mi wá. Kì í ṣe èmi. Ó léwu púpọ̀.*

Èsì kò pẹ́.

*Àmín, Bàbá.*

*Àmín yà Rọ́bì.*

*Àmín o, kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.*

Wọ́n ń rọ́ wọlé, ọ̀kan lórí èkejì. Alààjì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo iná tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Olújídé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú bàbá náà, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Wọn ò kà á," ni Alààjì wí. "Wọn ò kà á rárá."

Ràmúlátù ló kọ́kọ́ rántí. Ó káwọ́ lérí. "Zaynab!"

Zaynab ni àbígbẹ̀yìn wọn, akọ̀wé ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Abobo. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ tán. Wọ́n ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ló ti ń lo Wásáàpù rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn aboyún ti ń kọ̀wé béèrè ọjọ́ àyẹ̀wò. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni orúkọ aboyún kọ̀ọ̀kan wà: irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, oògùn tí ara rẹ̀ ò gbà, èyí tí ọmọ rẹ̀ dábùú.

Wọ́n pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Micheline, àgbà agbẹ̀bí tó ni ibẹ̀, kì í gbà kí wọ́n gbé ìpè lẹ́nu iṣẹ́. Alààjì ṣí ibi tí òun àti Zaynab ti ń kọ̀wé síra wọn. Fáìlì aràn wà níbẹ̀, àmì búlúù méjì sì wà lára rẹ̀. Èsì ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀: *Àmín, Bàbá mi.*

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ló pe ọmọ náà síwájú gbogbo ẹbí, tó ní ọmọ tó bá ń fi ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láìṣí, ilẹ̀kùn ayé ò ní ṣí fún un. Ó sọ ọ́ dáadáa; àwọn àgbà mirí sí i. Zaynab sunkún, ó ní òun ò ní dán an wò mọ́.

"Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó ṣí i," ló wí, ó sì bọ́ síta.

Alààjì kì í jáde láìwọ agbádá. Bùbá lásán ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà tó ti ti Mẹ́kà dé, kò wọ gbaka, ọkọ̀ akérò kéékèèké ìlú náà, mọ́. Ó sáré lé èyí tó kọ́kọ́ kọjá.

"*Abobo! Abobo-gare! Le vieux, montez vite!*" ni ọmọ ọkọ̀ pariwo, kí bàbá tètè wọlé.

Wọ́n fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Obìnrin olóyún kan jókòó tì í, ó di káàdì àyẹ̀wò mú. Alààjì kò bi í níbi tó ń lọ, ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀: obìnrin yìí lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń dà, Zaynab ń bi kọ̀ǹpútà pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ni kí wọ́n fà sí i, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Fóònù dún. Mamadou ni. Ó gbọ́ Yorùbá ọjà, èyí tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú.

"Alààjì! Má ṣí nǹkan tí mo fi ránṣẹ́ yẹn o!"

"Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́? O ò lè kìlọ̀ fún mi?"

"*Walaï*, mo kìlọ̀! Mo kọ ọ́ kíákíá. O tilẹ̀ dá mi lóhùn!"

Alààjì pa ìpè náà, ó lọ wò ó. Lóòótọ́ ni. Lábẹ́ fáìlì náà, ní àsìkò tó ń wá awò ojú kiri, Mamadou kọ ọ́ pé: *Frère, n'ouvre pas, c'est pas moi.* Arákùnrin, má ṣí i, kì í ṣe èmi. Ìdáhùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́: *Amina*, àmín àwọn Jùlá.

Ó gbé fóònù dojú délẹ̀ lórí itan rẹ̀. Gbaka dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, kò nù ún.

Nígbà tó dé ilé ìgbẹ̀bí náà, àwọn aboyún kún orí bẹ́ǹṣì. Micheline na ọwọ́ dí i lọ́nà. "*Monsieur*, àwọn obìnrin ló ń kọ́kọ́ wọlé níbí." Alààjì gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Zaynab jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí máùsì.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ìkókó kan bú sẹ́kún. Zaynab fò dìde.

"Bàbá! Ta ló kú?"

"Fáìlì òwúrọ̀ yìí. Kì í ṣe èmi. Aràn ni. O ti ṣí i, mo rí búlúù, mo rí àmín rẹ!"

Zaynab wo Micheline, ó wo ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú."

"O ti ṣí i."

"N ò ṣí i. Òkè ojú fóònù ni mo ti ń dáhùn. Tí orúkọ yín bá ti yọ, mo máa ń tẹ àmín síbẹ̀ láìwọlé. Àmì á di búlúù fúnra ẹ̀."

"Láti òní?"

"Láti ọjọ́ Àìkú." "Kí ọjọ́ Àìkú tó dé, n kì í tilẹ̀ dáhùn."

Alààjì fọwọ́ ti ògiri. Nǹkan méjì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan tutù, èkejì ń ta á bí ata.

"Zaynab, *c'est quoi ça*?" Micheline ti dúró sẹ́yìn wọn, apá lórí àyà. "Kí ni fáìlì? Kí lo ṣí lórí ẹ̀rọ mi?"

Zaynab kọjú sí bàbá rẹ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí wọn. Alààjì rí i pé ẹnu òun ni iṣẹ́ ọmọ náà wà. Ó sì mọ ohun tí òun gbọ́dọ̀ sọ, níwájú àwọn obìnrin tí ẹnu wọn ò ní pẹ́ dé Adjamé.

"*Madame*, àìsàn kọ̀ǹpútà ń rìn kiri lórúkọ mi. Èmi ni mo ṣí i, torí mo rò pé fọ́tò mi ni. Ọmọ mi ò ṣí i. Ọmọ mi kì í ṣí nǹkan tí mo bá fi ránṣẹ́. *Jamais.* Láéláé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Micheline kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí orúkọ àwọn aboyún níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà níbẹ̀. Ó pa Wásáàpù, ó fa wáyà yọ, ó ní ó di ìgbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá wò ó. Lẹ́yìn náà ló wo Zaynab tọ̀ọ̀.

"Jókòó," ló wí. "Pe ẹni tó kàn."

Nígbà tó ráàyè díẹ̀, Zaynab sin bàbá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò Alààjì, kò yọ ọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò tíì mọ̀," ló wí. "Ẹ̀rù ló ṣì ń bà mí."