Àǹtí Sèlíátù, Onídùúró Mi

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́rin ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ń bá wọn jókòó tì ní Agric, n'Ìkòròdú, aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo máa ń padà wọlé. Ní ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n sọ owó iléèwé di ìlọ́po méjì. Mo yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.

Ẹgbẹ́ kì í yáni lówó láìsí onídùúró. Àǹtí Sèlíátù ló dúró fún mi. Ó ń yan ẹja ní Èbúté Ìkòròdú, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tèmi nílé tí a jọ háyà. Kò mọ̀wé kọ. Ó tẹ àtàǹpàkò, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní kí n má dójú ti òun.

Mo dójú tì í. Lẹ́yìn tí mo gboyè, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni iléèwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ń san lóṣù. Ní oṣù kìíní, wọn kò san nǹkan kan. Ní oṣù kejì, wọ́n san ìdajì. Ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí a fara dà á. Ẹgbẹ́ kò fara dà á ní tiwọn. Ó ku ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún nínú gbèsè mi nígbà tí wọ́n di gbogbo owó tí Àǹtí Sèlíátù fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn mú, títí n ó fi san án tán. Òun náà sì nílò owó yẹn. Ẹni tó ni àtíbàbà tó ti ń yan ẹja ti ní kó san owó ọdún méjì kí oṣù kẹfà tó parí, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀.

"Fọláwùmí, owó mi ńkọ́?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ń wá a."

"Níbo lo ti ń wá a? Ọdún mẹ́fà lo fi wá ìwé, o rí i. Ọmọ Mùnírátù tó ń tún fóònù ṣe, oṣù mẹ́fà ló fi kọ́ ọ. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀."

"Ó dára fún un."

"Mo mọ̀ pé ó dára fún un. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mujeeb, tíṣà ìṣirò tí a jọ ń kọ́ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alhaji Qamardeen, tí wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí ẹbí. Alhaji fẹ́ ìwé pélébé kan nípa ìran wọn, tí yóò pín lọ́jọ́ ìwúyè. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́talénígba náírà ni yóò san. Ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta sílẹ̀. Owó náà kò sùn mọ́jú. Owó ilé ló bá lọ.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Alhaja Humairah, àbúrò bàbá Alhaji, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ló sọ ìtàn náà fún mi. Ó ní lóòótọ́ ni bàbá ńlá wọn bá àwọn tí àwọn òyìnbó lé kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1851.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà," ó ní. "Òun ló ń tukọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Alhaji kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Tíṣà, ta ni atukọ̀ yìí?"

"Bàbá ńlá yín ni, sà."

"Iwájú ni bàbá ńlá wa jókòó sí. Jagunjagun ni. Àwọn tó ń bá mi du ipò yìí á gbádùn ìwé rẹ gan-an."

"Sà, kò sí ìtìjú nínú ọkọ̀ títù. Bí kò bá tù ú, ta ni ì bá gúnlẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò gbà á. Mo ní n ó kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, kó sáà yọ orúkọ mi kúrò lára ìwé náà.

"Kí n yọ ọ́ kẹ̀? Lateefah ọmọ mi mọ ìwé kọ, ọ̀fẹ́ ni ì bá kọ ọ́. Orúkọ rẹ àti B.A. tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń fowó rà."

Ibi mọ́kàndínlógún ni mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ sí látìgbà tí mo ti gboyè. Ilé ìfowópamọ́ kan bi mí bóyá mo lè máa ta káàdì ATM wọn. Ọ̀gá kan bi mí kí ni wọ́n ń fi ìtàn sè. Alhaji yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá iye lé oyè mi.

Mo jáde síta. Ohùn tí Àǹtí Sèlíátù fi ránṣẹ́ wà lórí fóònù mi: "Wọ́n ti mú ẹlòmíràn wá wo àtíbàbà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń fi okùn wọ̀n ọ́n, iná mi sì ń jó níbẹ̀."

Mo padà wọlé. Mo gbé bàbá náà dìde lẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé e jókòó síwájú, mo fi idà lé e lọ́wọ́. Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, Alhaja Humairah wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé o kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ṣàdúrà fún mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi owó tó kù tí Alhaji san fún mi san gbèsè mi tán, ẹgbẹ́ sì fún Àǹtí Sèlíátù ní owó rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló san owó àtíbàbà. Mo bá a ní Èbúté, ó ń yí ẹja lórí iná.

"Níbo lo ti rówó?"

"Mo kọ ìwé ìtàn fún ẹbí kan ní Ẹ̀pẹ́."

Ó dáwọ́ dúró. "Ọ̀sẹ̀ mélòó lo fi kọ ọ́?"

"Mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ tó ń mówó wá báyìí wà lọ́wọ́ rẹ, o jẹ́ kí wọ́n di owó mi mú, mi ò rí oorun sùn. Fọláwùmí, o ò ṣèèyàn."

"Àǹtí, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó."

"Ta ló kàn tó o máa kọ tiẹ̀?"

"Mi ò ní kọ irú ẹ̀ mọ́."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní iléèwé yẹn fún ọdún mẹ́fà," ó ní. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fẹ́ iná.