Ẹja Méjì Inú Ọparun Kan

Ọdún méjì ni mo fi gbé ẹja fún Tíṣà Adélàjà, ìlérí nìkan ni mo sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò mú ọmọ mi, Fàlílátù, wọ iléèwé tí òun ti ń kọ́ni ní Ìkòròdú. Ohun tó fi ìlérí náà ṣe ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí èmi náà fi òun ṣe.

Kúbúrátù ni orúkọ mi. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, létí ọ̀sà. Ọkọ mi, Tìrìmísíyù, kú ní ọdún 1947, ó sì fi iṣẹ́ ọparun sílẹ̀ fún mi. A ó gé ọparun tó nípọn dáadáa, a ó lu àwọn oríkèé inú rẹ̀ já, a ó sì rì í sísàlẹ̀ omi. Ẹja a wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ yàrá. Tí a bá fẹ́ kó o, a ó rọra wọ omi, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, a ó gbé e jáde. Àwọn ọkùnrin ní iṣẹ́ obìnrin kọ́. Mo ní kí wọ́n wá bá mi bọ́ ọmọ mi nígbà náà. Kò sẹ́ni tó wá.

Èmi àti Fàlí la jọ kọ́ ara wa ní ìwé kíkà. Ìwé ìròyìn tí mo fi ń di ẹja yíyan la fi kọ́ ọ. A ó bi ọmọ iléèwé tó bá ń kọjá lọ ní lẹ́tà tí a kò mọ̀, a ó fún un ní ìrù ẹja. Fàlí yá jù mí lọ. Kó tó di pé mo rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun ti dé òpin rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀wé kà, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí.

Ní ọdún 1952 ni Adélàjà kọ́kọ́ dé ibi tí mo ti ń yan ẹja. Ó wọ bàtà funfun wá sínú ẹrẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù bo imú.

“Ìyá Fàlí,” ó ní, “gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ilé tirẹ̀. Nínú ìlú, àdúgbò wà. Nínú àdúgbò, agbo-ilé wà. Nínú agbo-ilé, ìdílé wà. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ ni ká fi oníkálukú sí àyè rẹ̀.”

“Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà,” mo ní. “A kì í kó àrọ̀ mọ́ ẹpìyà.”

“Èyí ju ti ọjà lọ, Ìyá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹbí ni akàn àti eṣinṣin?”

“Ta ló so yìgì wọn?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo mú akàn kan, mo pa eṣinṣin kan, mo wò wọ́n. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ní oríkèé. Kò sí eegun nínú èyíkéyìí nínú wọn. Èèpo ìta ló gbé wọn dúró. Òótọ́ ló sọ. Mi ò kórìíra ìmọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n ni.

Nígbà tó ṣèlérí iléèwé fún Fàlí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja fún un. Yóò fi ẹja sínú ìgò tí omi oògùn wà, èyí tí kì í jẹ́ kó rà. Yóò ka ẹ̀gún tó wà ní lẹbẹ rẹ̀, yóò wọn orí rẹ̀, yóò sì fún un ní orúkọ méjì ní èdè ayé àtijọ́ kan: ti ìdílé rẹ̀ ṣíwájú, tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ohun kan ni kì í ṣe. Kì í la ikùn ẹja. Ó ní òórùn rẹ̀ ń fún òun ní èébì.

Nígbà tí ọdún 1953 ń parí lọ, mo rán an létí Fàlí. Ó kọ lẹ́tà kan lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n mú un lọ fún Alàgbà Abraham, ẹni tó ń gba ọmọ sí iléèwé náà. Yorùbá ló fi kọ ọ́, nítorí Alàgbà kò fẹ́ràn àtimáa ka Gẹ̀ẹ́sì. Kò lẹ̀ ẹ́ pa. Kí ló fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa fún? Ẹlẹ́ja ló gbé e dání.

Mo jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ní Ẹ̀búté Ìkòròdú, mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: “Alàgbà, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ dídùn dá obìnrin yìí padà. Irú ọmọ rẹ̀ kọ́ la ń wá. Mo ti wò ó, orí rẹ̀ kò gba ìwé. Ẹ̀yà àwọn tí ń yan ẹja ni. Ẹ má jẹ́ kó bínú o, nítorí mo ṣì ń fẹ́ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo tún un kà, bóyá mo ṣi í kà. Mi ò ṣi í kà.

Mo gbé e lọ fún Alàgbà. Ó kà á, ó fi mí jókòó, ó bu omi fún mi. Ó ní àyè ti kún, ó ní àsìkò Ọlọ́run ló dára jù, ó ní Fàlí yóò di ẹni ńlá. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bá mi sọ̀rọ̀, inú máa ń bí mi.

Nígbà tí mo délé, Fàlí bi mí pé ọjọ́ wo lòun máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó dúró. Èmi náà dúró. Mi ò yéé gbé ẹja fún Adélàjà.

Àwa oníṣẹ́ ọparun mọ ọ̀bọ̀kún, ẹja tó fẹ́ràn inú ọparun jù lọ, ju bí a ṣe mọ àna wa lọ. Tí òjò bá ti dé, akọ rẹ̀ a fẹ orí, ètè rẹ̀ a nípọn, ara rẹ̀ a wá rù, nítorí kì í jẹun mọ́. Ọmọ ló ń ṣọ́. Lọ́jà, a kì í kó o mọ́ abo tó ní ẹyin nínú. Igbá ọ̀tọ̀ ni, àwọn tó fẹ́ se orí ẹja ló ń rà á, orúkọ ọ̀tọ̀ la sì ń pè é: Olórí-ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tí kò bá kó ọparun rí, tó wo igbá nìkan, yóò ní ẹja méjì ni.

Adélàjà wo igbá. Nínú òjò ọdún 1954 ni, ó gbé Olórí-ọ̀pọ̀lọ́ kan sókè, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ìyá Fàlí! Ọ̀tọ̀ ni èyí sí ọ̀bọ̀kún, àbí?”

“Kí lojú yín rí, Tíṣà?”

“Ọ̀tọ̀ ni mo rí. Ẹ wo orí! Àmọ́ mi ò rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

“A kì í rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

“Òkun ló ń lọ nígbà náà,” ó ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò parọ́ fún un. Mo kàn kó mẹ́ta sí i fún un ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé Dókítà Fáṣínà ń bọ̀, ọmọ Ìgbògbò kan tó lọ kọ́ nípa ẹja lókè òkun. Tí Dókítà bá rí ẹja tuntun yìí, ó ní, yóò mú òun lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ ó di ìlú òyìnbó. Mo kí i kú oríire. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Dókítà ń bọ̀, mo gbé ọparun kékeré kan jáde nínú omi, mo fi aṣọ tútù dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, mo gbé e dúró sínú garawa omi, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú.

Gbọ̀ngàn iléèwé kún. Ìgò wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adélàjà ń sọ̀rọ̀ lọ bí omi tó ya. Nígbà tó dé ìdí Olórí-ọ̀pọ̀lọ́, Dókítà Fáṣínà, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ ìgò ojú, gbé ìgò ẹja náà wò.

“Níbo lẹ ti rí èyí?”

“Àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ ló bá mi wá a, sà. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́.”

Mo dìde. “Èmi ni ọ̀kan nínú wọn.”

“Ìyá Fàlí,” Adélàjà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, àsìkò àwọn ọ̀mọ̀wé la wà yìí.”

“Mo mọ̀. Ẹja ni mo gbé wá, mi ò gbé ọ̀rọ̀ wá.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí n máa bọ̀. Mo da ọparun náà sínú abọ́ kan. Ẹja méjì jáde, ọ̀kan olórí tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan olórí ńlá. Mo la ikùn ti àkọ́kọ́: ẹyin. Mo la ti èkejì: funfun bíi wàrà.

“Akọ nìyí,” Dókítà ní.

“Ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún keje tí mo ti ń kó ọparun rèé, sà. Mi ò bá olórí ńlá méjì nínú ọparun kan rí. Ọ̀kan yóò pa èkejì.”

Dókítà wo Adélàjà. “Ṣé ẹ ti la àwọn tinú ìgò yìí wò?”

Adélàjà fi áńkáṣíìfù nu ojú. Dókítà yọ wọ́n fúnra rẹ̀, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó là wọ́n. Mẹ́rin ni wọ́n. Akọ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Obìnrin kan láti ẹ̀búté pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà ti kọ ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀ fún ara wọn o! Kóòtù wo lẹ ti ṣe é?” Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Adélàjà dáadáa. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo ti dé ìta kí òun àti Alàgbà Abraham tó lé mi bá. Àágùn bo Adélàjà.

“Ìyá Fàlí, ẹ padà wọlé, Dókítà ò tíì lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ṣì mí lọ́nà, pé ẹ sọ fún mi pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n.”

“Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò ní pa yín lára. Ayé tèmi ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá lè sọ ọ́, kí Fàlí máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.”

“Lóòótọ́ ni, Ìyá,” Alàgbà ní. “Èmi fúnra mi ni n óò kọ orúkọ rẹ̀. Báyìí báyìí.”

Mo wo àwọn méjèèjì. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan lọ́tẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ó yẹ kí n padà wọlé. Ẹsẹ̀ mi ò gbé.

“Orí tí kò gba ìwé lọ́dún tó kọjá,” mo ní, “ṣé òjò ló wá fẹ̀ ẹ́, bíi ti akọ ọ̀bọ̀kún?”

Alàgbà wolẹ̀. Adélàjà ya ẹnu.

“Ta ló ka lẹ́tà yẹn fún yín?”

“Èmi ni mo kà á.”

Mo gbé garawa mi, mo lọ wọ ọkọ̀.

Nílé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Fàlí, bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín, bí àágùn ṣe bo Adélàjà. Mo rò pé yóò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tán.

“Ṣé Alàgbà ní òun máa kọ orúkọ mi lóòótọ́?”

“Lóòótọ́ ni.”

“Ní ọjọ́ Ajé?”

“Ọjọ́ Ajé.”

“Irọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ẹ pa, Ìyá.”

Mo sọ fún un pé irọ́ kọ́ ló dùn mí, pé ohun tí wọ́n pè é nínú lẹ́tà ni. Ó ní etí òun kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ sí, èmi ni mo kà á.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó jókòó sí etí omi títí ọkọ̀ Ìkòròdú fi lọ. Mo ń wò ó láti inú omi, mo ń kó ọparun. Bí Adélàjà bá tún bẹ̀ mí lónìí, ohun kan náà ni n óò sọ fún un. Fàlí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi tíì bá mi jẹun láti ọjọ́ náà.