Ẹja Tí Ìyá Esohe Gbé Wá

Ní ọdún 1984, ìyá Esohe ru bọ́kẹ́ẹ̀tì omi láti Oregbeni wá sílé wa ní Uwasota. Adékúnlé, ọmọ-ọmọ mi, ló fẹ́ fẹ́ Esohe, ìyá rẹ̀ sì gbé ẹ̀bùn wá kí wa. Mo ṣí ìdérí. Ejò mẹ́ta gbórí sókè, wọ́n ń wò mí.

Èmi tí orúnkún kì í jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, orí tábìlì ni mo bá ara mi. Ìró mi kò bá mi gùn ún. Ìdí tí mo ti ń fi jókòó láti kékeré, gbogbo ilé rí i, àna náà rí i.

"Mama, na fish o!" ni ìyá Esohe ń wí.

Ìdílé ọkọ mi kì í jẹ ejò. Wọn ò bí èèwọ̀ náà mọ́ mi. Mo fẹ́ ẹ mọ́ ọkọ ni, bí mo ṣe fẹ́ híhanrun rẹ̀. Bàbá Títíloyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti Ọ̀wọ̀ wá nítorí ìgbéyàwó náà, kò tilẹ̀ dìde nídìí itan adìyẹ tó ń jẹ.

"Ẹ ní kó gbé e padà."

Ta ni wọ́n á dá ẹ̀bùn rẹ̀ padà, táá tún fọmọ fúnni? Adékúnlé dúró bí adìyẹ tí òjò pa. Ìyá Esohe kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú Bàbá yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ so.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ró ìró mi, mo sì lọgun pe Morọ́láyọ̀, àbúrò Adékúnlé, tó ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní yunifásítì. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó mú ọ̀kan jáde. Mo padà sórí tábìlì.

"Ẹja ni, sà. Ẹ wo lẹ́bẹ́ lẹ́yìn rẹ̀."

"Kí ni àwọn tíṣà yín ń pè é?" Bàbá bi í.

Morọ́láyọ̀ wo ẹja ọwọ́ rẹ̀. "Orúkọ méjì ni wọ́n máa ń sọ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, sà. Ti ìdílé ló ń ṣáájú, tirẹ̀ á tẹ̀lé e. Ti ìdílé eléyìí túmọ̀ sí… ẹja afàyàfà."

"Ẹ gbọ́ o! Òyìnbó gan-an mọ̀!"

"Orúkọ lásán ni, sà. Bùọ̀dá Kúnlé ń jẹ́ Adé, adé wo ló wà lórí wọn? Ara la fi ń mọ ẹbí. Ẹja yìí àti ejò jìnnà síra. Àwa gan-an sún mọ́ ejò jù ú lọ."

"Àwa wo? Ìwọ àti ta ni?"

"Ó tì o, sà. Èyí tó sún mọ́ ejò jù nínú ilé yìí…" Ó wo àwo Bàbá. "Adìyẹ ni. Ìran kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹ wo ìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹbí ejò la ò gbọdọ̀ jẹ…"

Kò parí ẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti dé, kò sí adìyẹ tó kú nílé wa tí itan rẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ó yí èyí tó mú dání sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Morọ́láyọ̀."

"Sà."

"Kí lo ní ẹ̀dá inú omi yẹn jẹ́?"

"Ẹja, sà."

"Ẹja ni. Ta ló bi ọ́ nípa adìyẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Láti orí tábìlì ni mo ti kí ìyá Esohe kú ináwó. Ó tú gèlè rẹ̀, ó béèrè ibi tí ata wà. Nígbà tí ọbẹ̀ hó, ó yọjú láti kíṣìnnì.

"Who dey chop head?"

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ni olórí ẹbí.